Ìwé Àyẹ̀wò Ìyá Àgbà: Kí Ni Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nípa Sífílíìsì Tó Ti Pẹ́ Lára?

Ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó gbé e síta.

Ìlọrà ni ìyá tó bí bàbá mi ń gbé. Tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ máa kọjá Fìdítì, níbi tí àwọn ọlọ́sàn ti ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná, ó di ìgbà tí ìkòkò bá jóná. Wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti kú pè mí.

Dókítà kan ní Ìbàdàn ní ká ṣe oríṣiríṣi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Sífílíìsì wà lára rẹ̀, torí pé ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì wà lára ìwọ̀nba ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ń wò. Láàbù kékeré kan la ti ṣe é. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ni "VDRL: reactive".

Àbúrò bàbá mi kan ya fọ́tò ìwé náà, ó jù ú sórí WhatsApp ẹbí. Kílẹ̀ tó ṣú, wàhálà ti dé. Ta ló kó o ràn wọ́n? Ṣé bàbá àgbà tó ti kú tipẹ́ ni, àbí ẹlòmíì? Ẹnìkan ní kí wọ́n ya ife wọn sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sífílíìsì kì í gba inú ife ranni. Obìnrin tó ti lé ní ẹni ọdún 75! Èmi fúnra mi gbé ìwé náà padà sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àyẹ̀wò wo gan-an ni wọ́n ṣe?"

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí. Sífílíìsì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú egbò tí kì í sábà dunni, egbò náà á sì jinná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ara lè sú. Ìyẹn náà á lọ. Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè dákẹ́ fún ọdún 10, 20, kódà 30, kó tó kọlu ọkàn, ojú tàbí ọpọlọ àwọn kan. Nígbà yẹn, kò sí egbò tí dókítà máa rí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ la máa bi léèrè, ọ̀nà méjì la sì ń gbà bi í.

Àkọ́kọ́ ni VDRL àti RPR. Àwọn yìí ò wá kòkòrò náà rárá. Ọ̀rá kan tí wọ́n ń yọ nínú ọkàn màlúù ni wọ́n ń lò, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín máa bá a jà. Ibà lè mú kó sọ bẹ́ẹ̀ ni lórí irọ́. Oyún lè mú kó ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ogbó náà sì lè fà á. Ní òdì kejì, tí àrùn náà bá ti pẹ́ lára láìgba ìtọ́jú, agbára àyẹ̀wò yìí ń dín kù: nínú irú èèyàn 10 bẹ́ẹ̀, ó lè sọ fún bíi 3 pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, tí VDRL bá sọ pé rárá, ìyẹn nìkan ò tó láti dá ẹjọ́ àrùn tó ti pẹ́.

Ìkejì ni TPHA, àti stríìpù kékeré tó jọ ti àyẹ̀wò oyún. Àwọn ọmọ ogun tí ara dìídì dá sílẹ̀ láti bá irú kòkòrò yẹn jà ni ìyẹn ń wá. Bí àrùn ti wù kó pẹ́ tó, kì í sábà fò ó. Àmọ́ kì í gbàgbé. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tó sì ti sàn láti 40 ọdún, ó lè máa sọ bẹ́ẹ̀ ni títí ẹni náà á fi kú.

Kí wá ni láàbù wa ṣe? Stríìpù ni wọ́n lò, VDRL ni wọ́n kọ. A tún méjèèjì ṣe ní Ìbàdàn. VDRL sọ pé rárá, TPHA sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní ìtàn mẹ́ta ló lè wà nídìí ìyẹn: àrùn àtijọ́ tó ti sàn, tàbí àrùn àtijọ́ tó sá pamọ́, tàbí kó má tiẹ̀ jẹ́ sífílíìsì rárá.

Wọ́n wá wo ojúgun Ìyá àgbà. Àpá ńlá kan wà níbẹ̀. "Màmá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?" Ẹni tí ò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọdé ni wá nígbà náà. Egbò ló bo gbogbo wa. Wọ́n wá tò wá sórí ìlà, wọ́n gún wa lábẹ́rẹ́ ní ìdí." Wọ́n dárúkọ àwọn tó sá wọ igbó lọ́jọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yaws ni dókítà pe egbò yẹn. Àrùn ọmọdé ni, ìfarakanra ló ń gbé e káàkiri, kì í ṣe ìbálòpọ̀. Láàrin ọdún 1952 sí 1964, àjọ WHO àti UNICEF fi pẹnisílíìnì tọ́jú nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 50 ní orílẹ̀-èdè 46, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Kòkòrò rẹ̀ àti ti sífílíìsì sún mọ́ ara débi pé àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣé ó wá dájú? Kò dájú tán. Wọ́n fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, wọn ò rí ohun tó fi hàn pé àrùn náà wà nínú ọpọlọ. Síbẹ̀, dókítà fún wọn ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ó sàn kéèyàn tọ́jú ohun tí kò sí ju kó fi ohun tó wà sílẹ̀. Ìgbàgbé náà ò lọ. Àmọ́ bàbá mi gbé ohùn sórí WhatsApp ẹbí, wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n ya ife sọ́tọ̀ ò fèsì títí di òní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá fún yín ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè orúkọ àyẹ̀wò náà, kì í ṣe èsì nìkan. Tó bá jẹ́ VDRL tàbí RPR lóòótọ́, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀, bíi 1:8 tàbí 1:32, torí ìyẹn ló yẹ kó já wálẹ̀ tí abẹ́rẹ́ bá ti ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gba ìtọ́jú rí, ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ìwé àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.