Aago Méjì Ti Lù: Àwọn Tó Dúró àti Àwọn Tó Gòkè ní Everest, 1996

Ọ̀rọ̀ òkè Everest la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti gígun ún gan-an o. Ti dídúró ni.

Òkè yìí wà láàárín Nepal àti Tibet, gíga rẹ̀ jẹ́ 8,849 mítà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó na àsíá sókè lórí ṣóńṣó rẹ̀ lẹ máa ń rí. Ohun tí ẹ kì í rí ni ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ tó ti lò nínú àgọ́, tó ń wúkọ́, tó ń yọ́ yìnyín kó tó rí omi mu, tó ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń gbá àgọ́ náà.

Kí ni wọ́n ń dúró dè? Lákọ̀ọ́kọ́, ara. Àgọ́ ìsàlẹ̀ tó wà ní ìhà Nepal ti ga tó nǹkan bí 5,300 mítà. Ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì èyí tí à ń mí sínú l'Ékòó. Nítorí náà wọ́n á gòkè díẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún gòkè, títí ara á fi gbà. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn. Atẹ́gùn ńlá kan ń ṣàn lójú ọ̀run bí odò, jet stream ni wọ́n ń pè é. Ó lè sáré ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Nínú oṣù karùn-ún, kí òjò tó dé, ó máa ń kúrò lórí Everest fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn ń ṣọ́. (Àwọn Sherpa ní tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó. Bí oníbàárà ṣe ń sinmi, àwọn ń gbé ẹrù.)

Ní 1996, Rob Hall, ará New Zealand, àti Scott Fischer, ará Amẹ́ríkà, kó oníbàárà wá. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé Hall ń san nǹkan bí 65,000 dọ́là. Báwo lẹ ṣe máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó padà nígbà tó kù díẹ̀? Hall ti sọ ọ́ rí o. Ní 1995, ó dá Doug Hansen padà nígbà tí ṣóńṣó òkè ò jìnnà mọ́. Ní 1996, Hansen tún padà wá.

Ẹgbẹ́ mìíràn wà níbẹ̀, ti David Breashears, tó ń ya fíìmù IMAX. Àwọn ló kọ́kọ́ gbéra. Wọ́n dé Àgọ́ Kẹta, wọ́n wòkè, wọ́n rí i pé atẹ́gùn ò tíì rọ̀. Breashears àti Ed Viesturs ní àwọn ò fẹ́ràn ohun tí àwọn ń rí. Wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé àwọn Hall àti Fischer tí wọ́n ń gòkè bọ̀. Òkè kan náà, ojú ọjọ́ kan náà. Ẹ sọ fún mi, ta ló dà bí ojo lọ́jọ́ yẹn?

Lálẹ́ ọjọ́ 9, atẹ́gùn rọlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kúrò ní South Col, ní nǹkan bí 7,900 mítà, ní òru. Àdéhùn wà pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó pẹ́ tán aago méjì, ẹni tí kò bá tíì dé òkè gbọ́dọ̀ yí padà, torí ọ́síjìn inú sílíńdà ń tán lọ, ilẹ̀ á sì ṣú. Aago méjì lù, àwọn kan ṣì ń gòkè. Aago mẹ́rin ti kọjá kí Hansen tó dé ibẹ̀. Hall ń dúró dè é. Ìjì sì dé. Èmi ò lè pe Hall ní aláìmọ̀kan. Ẹni tó ti dá oníbàárà kan padà lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tún dá a padà lẹ́ẹ̀kejì.

Èèyàn mẹ́jọ ló kú láàárín ọjọ́ 10 sí 11. Mẹ́ta jẹ́ ará Íńdíà tó ń gba ìhà Tibet gòkè. Hall, Fischer àti Hansen wà lára àwọn yòókù. Kí Hall tó kú, wọ́n so rédíò rẹ̀ mọ́ fóònù sátẹ́láìtì, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sọ̀rọ̀ ní New Zealand.

Breashears ti kó ọ́síjìn pamọ́ sí South Col fún iṣẹ́ fíìmù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lò ó fún àwọn tó ń kú lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè lọ ṣèrànwọ́, wọ́n sì tún sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró. Ọjọ́ 23 ni wọ́n tó dé ṣóńṣó òkè. Jamling, ọmọ Tenzing Norgay tó bá Edmund Hillary dé ibẹ̀ ní 1953, wà pẹ̀lú wọn. Lójú ọ̀nà, Viesturs kọjá lára òkú Fischer, ó sì kọjá lára ti Hall. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì.

Ó kàn yín o. Ẹ ti san owó náà, aago méjì ti lù, ẹ sì ń rí ṣóńṣó òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣé ẹ máa yí padà? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó dìgbà.