Omi Orí Òkè Nínú Ìgò Jíìnì: Kí Là Ń Sanwó Fún Gan-an?

Ọ̀rọ̀ ọtí ni lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí, ẹ má tíì pa á, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀.

Ẹ wo jíìnì tí wọ́n ń pọn lágbègbè òkè Alps, ní Switzerland, Austria àti gúúsù Jámánì. Òkè oníyìnyín ló máa ń wà lára ìgò, pẹ̀lú omi tó mọ́ gaara. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe jẹun, mo mọ bí a ṣe ń tanná sómi kó lè máa dán, nítorí náà irú àwòrán yẹn kì í tètè mú mi. Ṣé omi yìí tiẹ̀ ń ṣe nǹkan kan nínú ọtí náà?

Ó ń ṣe é. Ògidì ọtí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ máa ń le tó ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀fun ta ló fẹ́ gba ìyẹn? Omi ni wọ́n ń bù lù ú títí yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 40. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kò gbọdọ̀ dín ní 37.5. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju ìdajì ìgò lọ tó jẹ́ omi!

Àmọ́ omi inú àpáta máa ń ní èròjà bíi calcium. Tó bá pọ̀ jù, ọtí á rí bí omi ẹ̀kọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ apọntí fi ń sẹ́ ẹ kúrò. Tí wọ́n bá sẹ́ ẹ tán, ìyàtọ̀ wo ló kù láàárín rẹ̀ àti omi ẹ̀rọ tí wọ́n sẹ́ dáadáa? Lójú tèmi, kò tó nǹkan.

Ewé àtegbò ni iṣẹ́ wà. Juniper ṣáájú: èso kékeré tó ń gba ọdún 2 sí 3 kó tó gbó. Láìsí i, kò sí jíìnì. (Òun náà ló wà nínú ṣìnáàpù ilẹ̀ Holland tí àwọn àgbà wa mọ̀ bí ẹni mowó.) Gbòǹgbò gentian ńkọ́? Ó korò ju ewúro lọ, ó sì ní ewéko kan tó jọ ọ́, Veratrum, májèlé gidi. Ewé gentian máa ń kọjú síra ní méjì-méjì. Ti Veratrum ń yọ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wú u gbọ́dọ̀ lójú! Edelweiss, òdòdó funfun yẹn, òfin ń dáàbò bò ó ní ọ̀pọ̀ ibi lórí àwọn òkè náà, torí náà wọ́n ń gbìn ín sóko ni.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí ẹ̀yìn ìgò wò. Tó bá dárúkọ ewé àti gbòǹgbò tó wà nínú rẹ̀, ó dáa. Tó bá jẹ́ omi nìkan ló ń pariwo, èmi á dá a padà sórí àtẹ.