Ohùn Ọgbẹ́: Bí Yorùbá Ṣe Ń Ròyìn Ìpayà

 

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí àìlera ọkàn lè béèrè pé kí ló kàn án nínú iṣẹ́ oníṣègùn. Ìbéèrè náà tọ́. N kò mọ egbòogi, n kò sì lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Ohun tí mo mọ̀ ni ìtàn: bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́, ohun tí ó ń fò nínú rẹ̀, àti irú ìbéèrè tí ó lè mú un jáde lẹ́nu rẹ̀. Èrò mi lónìí ni pé ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí lórí ìpayà ti ń kọsẹ̀ láàárín wa.

Ìpayà tí mo ń wí kì í ṣe ẹ̀rù ojú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ojú ẹsẹ̀ a máa bá ohun tí ó fà á lọ. Èyí tí mo ń sọ ni èyí tí ó jókòó síni lára lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti kásẹ̀ nílẹ̀: oorun tí kò wá, àlá kan náà tí ń padà, òórùn kan tàbí ariwo kan tí ń já ènìyàn láyà lójijì. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fún un ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé àkójọ àrùn wọn. Ọ̀ràn àwọn ọmọ-ogun tí ó ti ojú ogun Vietnam bọ̀ wà lára ohun tí ó sún wọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ilé mi. Ìyá mi, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin olùwádìí kan wá sí àdúgbò wa pẹ̀lú ìwé-ìbéèrè lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Ó béèrè bóyá ohun tí ó dẹ́rù bà á gidigidi ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ìyá mi ní rárá. Bóyá ìrántí ohun burúkú kan ń dà á láàmú? Rárá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bóyá ohun kan wà tí ó ń yẹra fún? Rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sàmì sí ibi tí ó yẹ, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni nínú ilé wa tí kò mọ̀ pé ìyá mi kì í wọ ilé epo. Bí a bá fẹ́ ra epo sí ọkọ̀, a ó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú, a ó wá padà wá gbé e. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí bí òfin ilé. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí, èmi tí mo fi ìtàn ṣe iṣẹ́ jẹ.

Ọ̀ràn ìyá mi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbéèrè wá ènìyàn 4,984 kàn ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, ènìyàn 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìlera ọkàn ti ṣe rí láyé wọn, 5.8 ni ó ṣe láàárín ọdún kan. Nǹkan bí mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń ṣe ni ó rí ìtọ́jú. Iye yìí kéré sí ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Mo yin àwọn olùwádìí náà nítorí pé wọn kò lù ú ní agogo pé ara Yorùbá le. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà ń wádìí wà lára ohun tí ó mú iye náà kéré.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1953, oníṣègùn òyìnbó kan, J. C. Carothers, kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín aláwọ̀ dúdú. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó wà lára àwọn tí ó já irọ́ náà. Ní Aro, láti 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, tẹbí-tará wà pẹ̀lú wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell kó àwọn olùwádìí wọ Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó dúró fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gẹ́gẹ́ bí àrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè ẹkún tí kò dá, oúnjẹ tí kò wọlé, oorun tí kò wá, àwọn ènìyàn mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò ní orúkọ kan kò ṣàì wà.

Ṣé ìyá mi purọ́ nígbà náà? Rárá o. Ẹni tí ó gbọ́ èdè wa dénú kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í pe ibi ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná ṣì ń pa ènìyàn, ilẹ̀-gbígbóná ni a ń pè é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ejò a di okùn. Ẹni tí ó bá béèrè ọgbẹ́ lọ́wọ́ wa pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó ti ní kí a pè é wá. Ti ìkíni tún ń bẹ níbẹ̀. Bí ọmọdé àlejò bá béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ àgbà, “A dúpẹ́” ni ìdáhùn; àgbà kì í ka ìyà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀. Èmi fúnra mi ka ìwé-ìbéèrè náà. Kò sí àṣìṣe gírámà kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ báyẹn ní Ìjẹ̀bú. Àyà mi ń já, ara mi kò balẹ̀, orí mi fò lọ: báyìí ni a ń wí.

Lítíréṣọ̀ ti jẹ́rìí sí èyí tipẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà, Òṣífẹ́kúndé, tí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi mú lẹ́rú ní 1820. Wọ́n tà á dé Bràsílì, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ dé Paris. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Faransé kan, d'Avezac, ti jókòó tì í, tí ó kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1845. Ìlú, odò, aṣọ, oyè, ọjà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gbogbo rẹ̀ kún inú ìwé náà. Ìbànújẹ́ ọkùnrin náà kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí a bi ní ọ̀nà, ọ̀nà ni yóò júwe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún un láti lọ sí Sàró, ó yàn láti padà sí Bràsílì, nítorí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ wá wo Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀. Ní 1837 ni ó tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ náà pẹ̀lú ọgbẹ́. Òwúrọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń sè lọ́wọ́, ìròyìn ogun tí ó dé, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sá. Ó rìn jìnnà nínú ìtàn kí ó tó sọ pé òun gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn ní òru, tí àyà òun kò sì gbà á. Kò sí ìwé-ìbéèrè tí ìbá gba èyí lẹ́nu rẹ̀ ní ìbéèrè kẹta.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè ní kí gbogbo ènìyàn kúkú sọ tẹnu wọn, kí ara lè tù wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti yẹ̀ ẹ́ wò: fífi dandan mú ènìyàn ròyìn ìpayà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kété lẹ́yìn tí ó ṣẹlẹ̀ kì í dènà àìsàn. N kò sọ pé kí a túbọ̀ máa béèrè. Bí a ṣe ń béèrè ni mo ń wí. Òfin ìlera ọkàn tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà láti 1916. Iye ènìyàn tí a bá kà ni a ó fi pín owó àti oníṣègùn. Ẹni tí ó bá dáhùn “Rárá” kò sí nínú iye náà.

Lẹ́yìn tí olùwádìí yẹn lọ, ó pẹ́ kí n tó ní ìgboyà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ní, “Màámi, nígbà wẹ́tíẹ̀, níbo lẹ wà?” Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí mo ń wí: lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, nígbà tí wọ́n ń da epo sí ilé àti ènìyàn lára, tí wọ́n ń ṣáná sí i. Ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ìyá kan. Ó sọ irú aṣọ tí òun ń ṣẹ́ létí lọ́jọ́ náà, àwọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ni ín. Ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá náà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀. Ó ní àyà òun ń já. Ó dúró níbẹ̀, èmi náà yóò sì dúró níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa dákẹ́, wọ́n ń rọ epo sí i. Ó dìde, ó ti fèrèsé, ó padà wá jókòó, ó bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ mọ̀. Mo ní kò sí mọ́.