Ìṣe Tí Èso Rẹ̀ Padà Sọ́dọ̀ Olùṣe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí iwájú yín ní òní jẹ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a kọ́ ní ilé-ìwé pé ọ̀nà méjì péré ni ọ̀rọ̀-ìṣe ní: yálà ẹnì kan ṣe nǹkan, tàbí a ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ mọ ọ̀nà kẹta, èyí tí àwọn onímọ̀ wọn pè ní ‘mesotes’, ipò àárín. Nínú rẹ̀, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni iṣẹ́ náà padà kàn. Ní èdè wọn, ‘louo’ ni pé mo ń wẹ ẹlòmíràn. ‘Louomai’ ni pé mo ń wẹ ara mi. Ẹni tí ó yá ènìyàn lówó a wí pé ‘daneizo’. Ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ ènìyàn a wí pé ‘daneizomai’.

Ní ilẹ̀ Índíà pẹ̀lú, Panini, àgbà onímọ̀ èdè Sanskrit, ti fi òfin kan lélẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn: bí èso iṣẹ́ bá jẹ́ ti ẹni tí ó ṣe é, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe yóò yàtọ̀. Àlùfáà tí ó rúbọ fún ẹlòmíràn, ‘yajati’ ni a ó lò fún un. Ẹni tí ó ni ẹbọ, tí ó rú u fún ire ara rẹ̀, ‘yajate’ ni. Wọ́n pe ti ìṣáájú ní ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì pe ti ìkejì ní ọ̀rọ̀ fún ara ẹni.

Ǹjẹ́ èdè Yorùbá ṣe aláìní nítorí tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò ní irú ìparí bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ọ̀nà tí a gbà to ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa. ‘Mo yá a lówó’. ‘Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀’: ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣi ẹni tí ó jẹ gbèsè mọ̀. ‘Mo kọ́ ọmọ ní ìwé’. ‘Mo kọ́ ìwé’: bẹ́ẹ̀ náà ni. A ń wí pé ‘Mo ṣí ilẹ̀kùn’, a sì ń wí pé ‘Ilẹ̀kùn ṣí’. Ẹni tí ó bá sì wí pé ‘Àwo fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́’, kò sẹ́ pé ọwọ́ òun ni àwo náà wà, kò sì gbà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí ní ewu tirẹ̀. Bí akápò kan bá dìde ní ìpàdé tí ó wí pé ‘Owó ẹgbẹ́ sọnù’, gírámà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìjíhìn rẹ̀ kò pé. Ta ni ó sọ ọ́ nù? Ọ̀rọ̀ tí kò dárúkọ olùṣe dára fún ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ṣí; kò tó fún ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ènìyàn.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi òṣùwọ̀n èdè àjèjì wọn èdè wa, kí ẹ tó wí pé ohun kan kù nínú rẹ̀. Ẹ fi han àwọn ọmọ bí Yorùbá ti ń ya iṣẹ́ tí a ṣe fún ara ẹni kúrò lára èyí tí a ṣe fún ẹlòmíràn. Kí ẹ sì kọ́ wọn ní ìgbà tí ó tọ́ láti wí pé ‘ó fọ́’, àti ìgbà tí ó di dandan láti wí pé ‘èmi ni mo fọ́ ọ’.