Àyẹ̀wò Méjì fún Ojú Kan

Ọ̀rọ̀ àrùn ojú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní glaucoma ni mo gbé wá. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni, kì í sì í mú ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń ti jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín, tí ẹni tó ní in á fi máa ka ìwé rẹ̀ geere, síbẹ̀ tí á máa forí gbá ìlẹ̀kùn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún, bíi 5 ló ní in. Ìríran tó bá sì ti bá a lọ, kò sí oògùn tó ń dá a padà. Èyí tó kù ni à ń dáàbò bò.

Dókítà ojú lè ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò méjì. Àwọn kan á ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ọ̀kan ni ti ẹ̀rọ OCT, tí ayé kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1991. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ya àwòrán ẹ̀yìn ẹyinjú, kò ní fọwọ́ kàn yín lójú. Bíi mílíọ̀nù kan fọ́nrán ló ń gbé ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan rí lọ sínú ọpọlọ. Ẹ̀rọ yìí ń wọn bí wọ́n ṣe nípọn tó.

Èkejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ṣe é. Wọn á bo ojú kan, ẹ ó tẹjú mọ́ àárín abọ́ funfun ńlá kan. Iná tíntìntín á máa tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má wá iná náà kiri o! Ó máa ń súni, oorun a sì máa kun ẹlòmíràn; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí a tún un ṣe.

Èwo ló wá dára jù? Ẹ wo aṣọ tó ń gbó. Òwú rẹ̀ a kọ́kọ́ fẹ́lẹ́ kí ihò tó yọ. OCT lè rí òwú tó ń fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́nrán lè ti kú kí ẹni náà tó pàdánù iná kan ṣoṣo. Àmọ́ àwòrán nìkan lè tanni jẹ: ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa lè ní fọ́nrán tó fẹ́lẹ́ lójú ẹ̀rọ láìní àrùn kankan. Bí aṣọ bá sì ti di àkísà ńkọ́, kí ni a tún fẹ́ wọn? Bí àrùn náà bá ti wọra, àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́, torí ohun mìíràn tó wà láàárín àwọn fọ́nrán ni ẹ̀rọ ń wọn. Nígbà náà, bọ́tìnnì ọwọ́ aláìsàn ló ń sọ bóyá àrùn ṣì ń rìn.

Ẹ tọ́jú ìwé àbájáde méjèèjì, kí ẹ máa mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ti èṣí ló fi ń mọ̀ bóyá ti ọdún yìí burú sí i. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín náà lọ, torí àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí. Ó dàárọ̀ o.