Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Mọ Ọmọ Yín
Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò

  Akọ̀wé ti sọ fún mi pé ogún ìṣẹ́jú péré ni mo ní, àti pé oúnjẹ ló kàn lẹ́yìn mi, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti wà ní ọ́fíìsì dókítà ọmọdé. Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré, mo rí i níbẹ̀ lójoojúmọ́. A máa wọ aṣọ tó mọ́ fún ọmọ, a máa tètè dé (ó dáa, kì í ṣe gbogbo wa), gbogbo ohun tí dókítà bá sì sọ ni a ó máa dáhùn sí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà." Nígbà tí a bá wá délé ni a ó pe ìyá wa ní Nàìjíríà, òun ni a ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín lónìí kò ju pé kí òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ́fíìsì dókítà pẹ̀lú. Nílẹ̀ yìí, fáìlì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tọ́jú èèyàn. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbí ni dókítà ọmọdé fẹ́ kọ́kọ́ rí ọmọ. Ọmọ ti ní fáìlì kó tó ní orúkọ nìyẹn. Ilé ìwòsàn tí a bí i sí á kọ ọ́ sílẹ̀ ní "Baby Girl", wọ́n á wá fi orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ tì í. Nígbà tí a bá fi máa sọmọ lórúkọ tán, ọmọ yẹn kan náà ti ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, orúkọ ìdílé bàbá sì wà níparí rẹ̀. Ọmọ kan, fáìlì méjì.

Ẹ lè rò pé kí ló wà nínú ìyẹn. Kí ìyá àti ọmọ tó kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n máa ń gún ọmọ ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà kan, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ síbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọdún 2006, gbogbo ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń wá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Èsì rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Nígbà tí àbúrò mi bímọ, ó dárúkọ dókítà kan nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ júwe òmíràn tó súnmọ́ ilé, ó sì gbé ọmọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìkómọ. Èsì ẹ̀jẹ̀ wá wà ní ọ́fíìsì kan lórúkọ "Baby Girl", ọmọ sì wà ní ọ́fíìsì kejì lórúkọ bàbá rẹ̀. Ọ́fíìsì kejì yìí kò béèrè èsì. Àbúrò mi kò béèrè. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo gbé ọmọ náà jó lọ́jọ́ ìkómọ, èmi náà kò béèrè. Ohun tó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé bàbá ọmọ ní ìwé kan láti ìgbà tó wà ní yunifásítì, tó sọ pé AA ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wú. Ó sunkún mọ́jú. Ìyá ọkọ àbúrò mi tó wá ṣe ìtọ́jú ọmọ rò pé bóyá òun ló fà á lápá jù níbi tí òun ti ń wẹ̀ ẹ́, obìnrin náà sì sunkún tiẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni a ti gbọ́ pé SS ni ọmọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò, AS ni. Ìwé àtijọ́ yẹn kò tọ̀nà.

Ọmọ náà wà láàyè, ó ń lọ sí iléèwé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọmọ oṣù méjì ló ti yẹ kó máa lo penisilíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1986, ló fi hàn pé oògùn yìí ń gba àwọn ọmọ tó ní SS lọ́wọ́ kòkòrò tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ pa wọ́n ní kékeré. Títí ọmọ á fi pé ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń lò ó, ó kéré tán. Oṣù mẹ́rin gbáko ni tiwa fi wà láìlò ó, tó jẹ́ pé bí ibà kan bá kọ lù ú láàárín ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá yí padà.

Nítorí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ dé ọ́fíìsì, ẹ sọ fún wọn pé, "Orúkọ tó jẹ́ nílé ìwòsàn rèé, èyí tí yóò máa jẹ́ rèé." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ béèrè pé, "Èsì ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ dà?" Ẹ má gba "kò sí ìṣòro" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ó bá jẹ́ AS, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ náà, nítorí ọjọ́ tí yóò mú àfẹ́sọ́nà wálé.

Ohun kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí a kì í sábà sọ. G6PD ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá tó, àwọn nǹkan kan wà tó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kàfúrà tí a ń kó sínú àpótí aṣọ sì wà lára wọn. Àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń mú jù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ronú nípa aṣọ òfì àti aṣọ òtútù àkọ́bí tí ẹ ti kó pamọ́, tí ẹ fẹ́ yọ jáde fún ọmọ tuntun. Òórùn kàfúrà yẹn nìkan lè dá ibà apọ́njú sílẹ̀ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè di í létí. Àwa aláwọ̀ dúdú, ara wa kì í tètè fi í hàn, àwọn dókítà ibí mìíràn kì í sì í tètè rí i. Ẹ gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ erìgì rẹ̀. Bí ó bá pọ́n bíi ẹyin inú ẹyin adìẹ, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má gbé e síta fún oòrùn kí ẹ máa wò ó.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n dé orí àgbo. N kò wá bú àgbo. Lórí àgbo ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ọmọ ní ohunkóhun láti ilé, ẹ sọ ọ́. Dókítà tí kò mọ ohun tó wà nínú ọmọ lè fún un ní oògùn tí yóò bá a jà. Ohun kan wà tí n ó sọ gbangba, ìyẹn tìróò. Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan, tìróò láti Nàìjíríà tí wọ́n ń lé sí i lójú ni wọ́n rí pé ó fà á. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ẹ má lé tìróò fún ọmọ mọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn eyín tí èèyàn fi ń ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà lọ́dún 2008 ò ní gbàgbé My Pikin, oògùn eyín tí májèlé wọ inú rẹ̀, tó pa ọmọ tó lé ní ọgọ́rin.

Ẹ̀gbẹ́ èyí ni ọ̀rọ̀ àpá ara wà. Òfin ló mú un ní dandan fún èmi, dókítà àti olùkọ́ pé bí a bá fura pé wọ́n ń lu ọmọ ní ìlù ìkà, kí a fi tó ìjọba létí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí pẹ̀lú àmì aláwọ̀ aró ní ìdí tàbí ní ẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹgba ni. Ẹ tú aṣọ ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ na ìka sí àmì náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí wọ́n bá ti sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fúnra yín kí wọ́n tó béèrè. Ẹni tó bá ti ṣàlàyé kò ní máa wá àlàyé kiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn.

Ibà ńkọ́? Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta, bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 100.4 lórí tẹmómítà Fahrenheit, ìyẹn 38 lórí ti Celsius, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ aago méjì òru. Ẹ má sọ pé eyín ló fẹ́ hù. Ẹ má sì fún un ní oògùn ibà kí ẹ tó pè, torí ó lè bo ohun tí dókítà fẹ́ rí. Ọmọ tó bá ní SS, iyekíye ọdún tó jẹ́, bí ó bá ti di 101, ilé ìwòsàn pàjáwìrì tààrà. Nọ́ńbà tí ẹ ń pè lọ́sàn-án náà ni ẹ ó pè lóru, ẹnì kan á dáhùn, á sì wá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kàn. Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí yín, owó iṣẹ́ náà ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá lè mí dáadáa, tàbí tí ẹ ń jí tí kò jí, 911 ni ẹ pè, ẹ má wá wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ kí ìyá àgbà ní àsìkò ìsinmi, ó kéré tán oṣù kan àbọ̀ ṣáájú ni kí ẹ ti sọ fún ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò ní agbára láti bá ẹ̀fọn jà, wọ́n gbọ́dọ̀ lo oògùn kí wọ́n tó lọ, nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Ọmọ oṣù mẹ́fà pàápàá lè gba abẹ́rẹ́ èèyi ṣáájú ìrìn-àjò. Abẹ́rẹ́ yẹ́lò káàdì, láti oṣù mẹ́sàn-án ni, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ọmọdé kò sì ní i, wọ́n á júwe ibi tí ẹ ó lọ. Bí ibà bá mú ọmọ lẹ́yìn tí ẹ dé, ìbáà ti tó oṣù mélòó kan, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ jẹ́, "A lọ sí Nàìjíríà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún máléríà." Bí ẹ kò bá sọ ọ́, dókítà lè pè é ní òtútù lásán kó dá yín padà sílé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù láti sọ ni ti èdè. Ní ọdún kan àbọ̀ àti ọdún méjì, wọ́n á béèrè iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè sọ. Àwọn òbí wa á ka ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, wọ́n á ní márùn-ún. Ṣé "gbé mi", "omi", "ó tì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni? Ẹ ka ti Yorùbá mọ́ ọn! Èdè méjì kì í sọ ọmọ di odi, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ kí ọmọ lè tètè sọ̀rọ̀, ẹ má gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá sọ nǹkan kan nínú méjèèjì, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ìrànlọ́wọ́ wà fún un, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń dára tó.

Bí ìyá àgbà ni yóò bá gbé ọmọ lọ, ẹ kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda sílẹ̀ fún ọ́fíìsì. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀, ọ́fíìsì tó bá ń gba Medicaid kò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà. Bí ẹ bá sì lo inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́, ẹ fi orúkọ ọmọ tuntun sí i láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé tí wọ́n sì fi àpò ara wọn san án. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ẹ béèrè Medicaid tàbí CHIP. Ètò kan sì wà láti ọdún 1994 tó ń fún ọmọ tí kò ní inṣọ́ránsì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ yín bá ti tó ọdún méjìlá, tí dókítà ní kí ẹ bọ́ síta díẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀sí. Gbogbo ọmọ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ lọ jókòó.

Mo ti tẹ bébà kan wá, ààyè wà níbẹ̀ fún orúkọ méjèèjì tí ọmọ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn àti àgbo tó ń lò, àti ìrìn-àjò rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Kí ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó bu oúnjẹ, torí mo mọ̀ yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi láàárín èrò, n ó wà nídìí ọkọ̀ mi lẹ́yìn ìpàdé.