Bí «Fichiers» Bá Sọnù Lójú Tẹlifóònù Yín

 Ẹ mú bírò àti ìwé yín sún mọ́ ọ̀dọ̀, nítorí a óò kọ nǹkan sílẹ̀ lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní tẹlifóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú. Inú rẹ̀ ni àwòrán ìwé ilẹ̀ wà. Inú rẹ̀ ni àwòrán ìwé owó èsúsú wà. Nínú tẹlifóònù ẹlòmíràn, ohùn bàbá tí ó ti kú wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí a fi ń wá gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni tẹlifóònù ń pè ní «Fichiers» lédè Faransé. Ní ọjọ́ kan, ẹ lè wá irinṣẹ́ yìí kí ẹ má rí i mọ́. Bóyá ọmọdé ni ó fi ọwọ́ kàn án, bóyá ẹni tí ó fẹ́ kí àyè gba tẹlifóònù ni ó pa á.

Ẹ má sunkún. Ilẹ̀kùn àká ni Fichiers jẹ́, kì í ṣe àgbàdo inú àká. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, àgbàdo ṣì wà níbẹ̀. Google tí ó ṣe Android pàápàá ti fi ilẹ̀kùn yìí pamọ́ rí: nínú Android 6 ti ọdún 2015, inú «Paramètres», lábẹ́ «Stockage», ni ó fi í sí, láìsí àwòrán rẹ̀ lójú tẹlifóònù.

Báwo ni a ṣe ń ṣí i? Ẹ wá àwòrán kẹ̀kẹ́ eléyín. Orúkọ rẹ̀ ni «Paramètres». Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá «Applications», kí ẹ sì ṣí ibi tí wọ́n to orúkọ gbogbo irinṣẹ́ sí. Bí Fichiers kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo òkè lápá ọ̀tún, ẹ óò rí àmì mẹ́ta tí ó dúró lórí ara wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá ìlà tí ọ̀rọ̀ «système» wà nínú rẹ̀. Nígbà náà ni orúkọ tí ó fara pamọ́ yóò jáde. Tẹlifóònù kò rí bákan náà, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò jìnnà síra.

Ẹ tẹ Fichiers. Bí ẹ bá rí «Activer», a jẹ́ pé wọ́n ti pa á. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò jí. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ yìí yóò di «Désactiver». Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta iwájú yẹn dáadáa: d, é, s. Àwọn ni wọ́n yí jíjí padà sí pípa. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú ìwé yín, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Kí ẹ sì tó yí ohunkóhun nínú Paramètres, ẹ kọ bí ẹ ti bá a. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ óò padà sí.

Ibì kan wà tí ẹ̀rù ń bà mí fún yín. Wọ́n ń pè é ní «Options de réinitialisation». Ìlà kan níbẹ̀ ni «Réinitialiser les préférences des applications». Èyí ń jí àwọn irinṣẹ́ tí a ti pa, kò sì pa àwòrán yín rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní láti tún àwọn ètò kan ṣe, bí àwọn ìyọ̀ǹda tí ẹ ti fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlà mìíràn nítòsí rẹ̀ ni «Effacer toutes les données». «Effacer» ni kí a pa rẹ́. «Toutes» ni gbogbo. Bí ẹ bá gbà fún un dé òpin, ìwé ilẹ̀ lọ, ìwé èsúsú lọ, ohùn bàbá lọ, àfi èyí tí ẹ ti fi pamọ́ síbòmíràn. Àwọn tí ń tún tẹlifóònù ṣe mọ iṣẹ́ wọn, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá dí, ìlà yìí ni ó yá jù fún wọn. Ẹ bèèrè èwo ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà á.

Nígbà mìíràn Fichiers wà, ṣùgbọ́n àpò kan nínú rẹ̀ ni ẹ kò rí. Ẹ ti kọ́ pé àmì tí a fi sí abẹ́ «o» ń sọ ọ́ di «ọ». Nínú Android, irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ níwájú orúkọ àpò ń fi àpò náà pamọ́. Nínú irinṣẹ́ Google tí ń jẹ́ Files, ẹ ṣí «Paramètres» ti irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ tẹ «Afficher les fichiers cachés». Ẹ mú ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ má pa ohun tí ẹ kò mọ̀ rẹ́.

Ilẹ̀kùn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ipá ṣí. Láti Android 11, ti ọdún 2020, Google ti àpò «Android/data» mọ́ àwọn irinṣẹ́ mìíràn, kí ọ̀kan má bàa máa yọjú wo ohun ìkọ̀kọ̀ èkejì. Bí ẹnìkan bá fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé yóò ṣí i, ẹ má gbà á.

Bí ó bá sì jẹ́ pé inú Files ni wọ́n ti pa àwòrán yín rẹ́ ní tòótọ́, ẹ wá «Corbeille», ibi ìkódàtísí rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni nǹkan ń gbé níbẹ̀ kí ó tó lọ pátápátá. Ẹ yára wò ó lónìí.